AC yàrá ìyá mi ń di yìnyín lóru, kò sì tutù mọ́: ṣé gáàsì ni lóòótọ́?

Ìyá Tíṣà (Parakin, Ilé-Ifẹ̀), Ọjọ́ Ajé, 9:40 alẹ́

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ dákun, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí, ó ti tojú sú mi.

AC 1.5HP tí wọ́n ń gbé kọ́ ara ògiri ni. Ọdún kẹrin rẹ̀ rè é ní yàrá ìyá mi. Mama ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ẹ̀jẹ̀ ríru sì ń bá wọn fínra. Ooru oṣù kẹta yìí kò mọ àgbà. Bí wọn ò bá rí òtútù díẹ̀, wọn a jókòó sétí ibùsùn títí di ìdájí, wọn a máa fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ara wọn.

Bí a bá tan AC yìí ní aago mẹ́sàn-án alẹ́, á tutù dáadáa. Tó bá fi máa di aago kan òru, afẹ́fẹ́ tó ń jáde ò tó nǹkan mọ́, ohùn rẹ̀ nìkan lẹ ó máa gbọ́ nínú lọ́hùn-ún. Lóru àná mo ṣí ìdérí rẹ̀, mo tan iná fóònù sí i. Yìnyín funfun ti bo gbogbo inú rẹ̀ láti ọ̀tún dé òsì, ó nípọn tó ìka ọwọ́ mi. Nígbà tí ilẹ̀ ń mọ́ lọ, omi bẹ̀rẹ̀ sí í kán tó-tó-tó sórí ibùsùn mama.

Láti oṣù kejìlá, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti pe oníṣẹ́. Bó bá ti dé, á so géèjì tó ń wọn ipá gáàsì mọ́ ọn níta, á ní gáàsì ti lọ sílẹ̀, á rọ díẹ̀ kún un, á gba ₦25,000. Ọ̀sẹ̀ méjì, ó pọ̀ jù mẹ́ta, a ó tún padà síbi tá a ti wá. Fílítà rẹ̀ ńkọ́? Mo máa ń fọ̀ ọ́ fúnra mi lóṣooṣù. Ṣé kí n tún pè é ni, àbí kí n kúkú wá owó òmíràn?

Ọmọ Mayfair, Ọjọ́ Ajé, 9:58 alẹ́

Ẹ kú ìnira mà. Gáàsì ni mà. Ti ẹ̀gbọ́n mi ṣe báyìí lọ́dún tó kọjá, gáàsì ni wọ́n rọ sí i tó fi dáa títí dòní. Ó lè jẹ́ pé gáàsì tí oníṣẹ́ yín ń lò ni kò pójú owó. Ẹ pe ẹlòmíràn wò.

Alátẹ́gùn Sábó (Ilé-Ifẹ̀), Ọjọ́ Ajé, 10:25 alẹ́

Ìyá Tíṣà, ẹ kú alẹ́ mà, ẹ sì kú ìtọ́jú mama. Iṣẹ́ AC àti fíríìjì ni mò ń ṣe, ọdún mọ́kàndínlógún rè é tí mo ti ń ṣe é. Mo bẹ̀ yín, ẹ má tíì fún ẹnikẹ́ni lówó gáàsì kẹrin.

Ọmọ Mayfair, àbúrò mi, òótọ́ ni pé gáàsì tó dín máa ń mú AC di yìnyín. Ṣùgbọ́n òun nìkan kọ́. Gáàsì inú AC kì í ṣe epo mọ́tò tí ẹ́ńjìnì ń jó tán. Inú páìpù bàbà tí wọ́n dí pa ló ń yí po: ó kúrò lọ́dọ̀ compressor, ẹ̀rọ tó ń ti gáàsì kiri, níta, ó wọ yàrá, ó tún padà síta. Bí kò bá sí ibi tó ń jò, èyí tí wọ́n fi sí i lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e kọ́ náà ni yóò ṣì wà nínú rẹ̀ ní ọdún mẹ́wàá òní. Nítorí náà, bí oníṣẹ́ bá ní gáàsì ti lọ sílẹ̀, ohun tó kù tó yẹ kó sọ fún yín ni ibi tó gbà jáde. Bí kò bá wá ibẹ̀, tó kàn ń rọ òmíràn lé e, ó ń fi ètè sílẹ̀, ó ń pa làpálàpá.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí yìnyín ṣe ń dì, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Páìpù tó ká kọ̀rọ̀kọ̀rọ̀ nínú èyí tó wà ní yàrá, tí irin pẹlẹbẹ tín-ín-rín bí abẹ félé tò sí lára, òun la ń pè ní kọ́ìlì. Bí nǹkan bá ń lọ déédéé, òtútù rẹ̀ a máa wà láàárín 5 sí 10 lórí ìwọ̀n Celsius. Afẹ́fẹ́ gbígbóná tí fáànù ń fà kọjá lára rẹ̀ ni kì í jẹ́ kó tutù ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ yẹn á sẹ̀ sí i lára bí ìrì, á kán sínú àwo ìsàlẹ̀, á gba páìpù omi jáde. Ṣùgbọ́n bí kọ́ìlì bá tutù kọjá 0, ìrì yẹn ò ní kán mọ́, yóò dì síbẹ̀. Yìnyín á dí ọ̀nà afẹ́fẹ́. Afẹ́fẹ́ á dín, kọ́ìlì á tún tutù sí i, yìnyín á tún nípọn sí i. Bó bá ti bẹ̀rẹ̀, kì í dúró lójú kan.

Ohun méjì ló sábà ń fà á: yálà afẹ́fẹ́ tó ń kọjá kò tó, tàbí gáàsì tó ń yí kò tó. Ojú yín lè sọ èyí tó jẹ́ kí ẹ tó ná kọ́bọ̀. Bó bá jẹ́ gáàsì ló dín, ẹ̀gbẹ́ kan ni yìnyín ti máa ń bẹ̀rẹ̀, níbi tí gáàsì ti ń wọlé, ẹ̀gbẹ́ kejì á gbẹ, kò ní tutù rárá. Lẹ́yìn ilé, páìpù tín-ín-rín ni ẹ ó rí tó funfun. Bó bá jẹ́ afẹ́fẹ́ ni, yìnyín á tẹ́ bo gbogbo ojú rẹ̀ bákan náà, páìpù tó nípọn á sì funfun títí dé ẹ̀gbẹ́ compressor.

Ẹ̀yin sì ní ó bò láti ọ̀tún dé òsì. Ọ̀rọ̀ yẹn ló mú mi dìde jókòó. Ẹ bá mi wo nǹkan mẹ́ta: irú gáàsì wo ni wọ́n kọ sára èyí tó wà níta? Iye wo ni rìmóòtù wà, fáànù ńkọ́? Nígbà tí ẹ fọ fílítà, ṣé ẹ wo fáànù gbọọrọ tó wà lẹ́yìn kọ́ìlì?

Ìyá Tíṣà, Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:15 àárọ̀

Ẹ ṣeun ọ̀gá, Ọlọ́run yóò san án fún yín. R410A ni wọ́n kọ síbẹ̀. 16 ni rìmóòtù máa ń wà, kó lè tètè tutù. Fáànù rẹ̀, èyí tó kéré jù lọ la máa ń lò, nítorí mama ní atẹ́gùn yẹn ń gún àwọn lójú. Fáànù ẹ̀yìn tí ẹ wí yìí, mi ò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀gá, ohun kan ò tíì yé mi. Oníṣẹ́ yẹn fi géèjì hàn mí, kò purọ́ fún mi. 85 ni ọwọ́ rẹ̀ dúró lé, ó ní ó yẹ kó lé ní 110. Bí gáàsì kò bá dín, kí ló gbé e sọ̀ kalẹ̀?

Alátẹ́gùn Sábó, Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:02 àárọ̀

Mà, ìbéèrè tí ẹ bi yìí, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ nínú àwa oníṣẹ́ ń gbé ṣubú. Oníṣẹ́ yín ò purọ́. Ohun tí géèjì wí ló gbọ́, kò kàn bi í ní ìdí rẹ̀ ni.

Ohun tí géèjì ń kà ni bí gáàsì ṣe ń hó sí nínú kọ́ìlì. Fún R410A, tó bá ka nǹkan bí 101 PSI (PSI ni òṣùwọ̀n ipá gáàsì), kọ́ìlì wà ní 0 gééré. 85 túmọ̀ sí pé ó ti tó 5 sísàlẹ̀ 0, ó sì dájú pé yìnyín á wà níbẹ̀. Bó ti mọ nìyẹn. Kò sọ bóyá gáàsì ló dín tàbí ooru tó yẹ kó mú gáàsì hó ni kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ẹ fi ọ̀rọ̀ wé ìkòkò tí ẹ gbé ka iná. Bí iná bá kéré, ooru tó ń jáde lẹ́nu ìkòkò á kéré. Ṣé omi lẹ ó bù kún un ni, àbí ẹ ó koná sí i? Afẹ́fẹ́ gbígbóná yàrá ni iná kọ́ìlì. Bí fáànù kò bá gbé e dé ibẹ̀, ìwọ̀n géèjì á wálẹ̀ bí ẹni pé gáàsì ti lọ, bẹ́ẹ̀ gáàsì wà níbẹ̀ pé pérépéré. Bí wọ́n bá rọ díẹ̀ sí i, géèjì á gòkè, yìnyín á pẹ́ díẹ̀ kó tó dé, gbogbo ilé á ní ó ti dáa. Ọ̀sẹ̀ méjì tí ẹ wí nìyẹn. Nítorí náà la kì í fi ń gbẹ́kẹ̀ lé géèjì lórí AC tó ṣì ní yìnyín lára, tàbí èyí tí a kò tíì fọ̀.

Ti 16 yẹn. Nínú irú AC yín tí compressor rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ tàbí kó dúró, 16 kì í mú afẹ́fẹ́ tó ń jáde tutù ju 24 lọ. Ohun tó ń ṣe ni pé compressor ò ní sinmi rárá mọ́jú, nítorí yàrá ò lè dé 16 láéláé nínú ooru yìí. Àìsinmi yẹn ló ń fún yìnyín láyè. Ẹ fi sí 24 tàbí 25. Kí fáànù wà ní àárín, ó kéré tán.

Lónìí, ẹ pa òtútù rẹ̀, ẹ fi rìmóòtù sí fáànù nìkan fún wákàtí mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ẹ fi ọ̀rá bo ibùsùn, ẹ gbé abọ́ sábẹ́ rẹ̀. Ẹ má fi ọ̀bẹ tàbí ohun ẹlẹ́nu ṣóńṣó fá yìnyín náà, ẹ má sì da omi gbígbóná sí i. Mo ti rí i tí wọ́n fi orí ọ̀bẹ gún páìpù bàbà níbi tí wọ́n ti ń kánjú, ohun tí ì bá jẹ́ ìfọ̀ lásán sì di kọ́ìlì tuntun. Bó bá ti yọ́ tán, ẹ pa á láti ara ògiri, kì í ṣe rìmóòtù nìkan o. Ẹ wá tan tọ́ọ̀ṣì gba ojú ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà jáde. Ẹ ó rí nǹkan gbọọrọ tó ní abẹ́bẹ̀ wẹ́wẹ́ yí ká. Ẹ sọ bí ojú rẹ̀ ṣe rí fún mi.

Ọmọ Òṣómàáló (Ìmọ́, Iléṣà), Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8:30 àárọ̀

Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ yìí bá mi níbi tó ń dùn mí. Ẹ̀gbọ́n Sábó, tèmi yàtọ̀ sí ti Ìyá Tíṣà. Apá òsì kọ́ìlì nìkan ló ń dì, kò ju bí ìdá mẹ́ta rẹ̀ lọ, apá yòókù gbẹ fúrúfúrú. Níta, páìpù tín-ín-rín ló funfun níbi tó ti kan nọ́ọ̀tì bàbà. R22 ni, ó ti pẹ́ lọ́wọ́ mi. Oṣù kìíní ni wọ́n rọ gáàsì sí i, géèjì ti tún bọ́ sí 40 báyìí. Ohun tí mo tún kíyè sí ni pé eruku tó lẹ̀ mọ́ nọ́ọ̀tì yẹn tutù bí ẹni pé epo ta sí i. Ògiri tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ náà dúdú díẹ̀.

Bàbá Òkè-Èṣò (Iléṣà), Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9:10 àárọ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ mi. Mo ti ka gbogbo rẹ̀. Ẹ má gbàgbé iná o. Nígbà kan, ti emi náà ń di yìnyín lálaalẹ́, kì í sì dì lọ́sàn-án. A fọ̀ ọ́, ó mọ́ tónítóní, síbẹ̀ ó dì. Ìgbà tí mo ra sítábíláísà tó ń fi iye iná hàn ni mo tó mọ̀. Lọ́sàn-án, 220. Bí gbogbo àdúgbò bá ti délé, tí wọ́n tan nǹkan wọn, á bọ́ sí 165. Fáànù inú yàrá á máa yí bí ẹni tí oorun ń kùn, afẹ́fẹ́ á lọ sílẹ̀, yìnyín á dé. Kò tilẹ̀ yẹ kí AC máa lo iná irú yẹn rárá, nítorí compressor lè jóná pátá. Ẹ wo iye iná yín lóru, kì í ṣe lọ́sàn-án.

Ohun kejì ni ti oṣù keje sí oṣù kẹjọ. Bí òjò bá rọ̀ tí ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà tutù rinrin, tí ẹ̀yin tún fi AC sí 18 mọ́jú, ó lè dì bí kò tilẹ̀ ní àrùn kankan. Kí ẹ pa á, kí ẹ ṣí fèrèsé.

Alátẹ́gùn Sábó, Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1:20 ọ̀sán

Bàbá, ẹ ṣeun sà. Òótọ́ pọ́ńbélé lẹ sọ. Kàpásítọ̀ fáànù, ohun kékeré tó ń fún un lágbára láti yí, bó bá ti kú díẹ̀, òun náà máa ń ṣe irú rẹ̀: fáànù á máa yí, ṣùgbọ́n kò ní sáré. Ẹni tí kò bá fara balẹ̀ ò ní mọ̀.

Ọmọ Òṣómàáló, tìrẹ ni gáàsì tó jò, o sì ti fúnra rẹ rí ibi tó ti ń jò. Epo tó ń fi ara compressor yọ̀ máa ń bá gáàsì yí nínú páìpù. Níbi tí gáàsì bá gbà jáde, epo á tẹ̀ lé e, eruku á wá lẹ̀ mọ́ ọn. Ibi tó dúdú lábẹ́ nọ́ọ̀tì yẹn, bí ìtẹ̀sẹ̀ olè ló rí. Po ọṣẹ abọ́ mọ́ omi díẹ̀, fi kànìnkànìn tò ó sí nọ́ọ̀tì yẹn yí ká nígbà tí AC wà ní pípa, kí o wò ó fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Bó bá ń rú ìhó, ibẹ̀ ni.

Má jẹ́ kí wọ́n kàn fi sípánà fún un mọ́ra kí wọ́n rọ gáàsì lé e. Bàbà tó ti ya lẹ́nu ò ní di mọ́. Kí wọ́n kó gáàsì tó kù jọ, kí wọ́n gé ẹnu bàbà yẹn, kí wọ́n tún un fẹ̀, kí wọ́n fi nitrogen dán an wò bóyá ó di. Lẹ́yìn náà kí wọ́n fi vacuum pump fa gbogbo afẹ́fẹ́ àti ọ̀rinrin inú rẹ̀ jáde, ó kéré tán ìlàjì wákàtí, kí gáàsì tó wọ̀ ọ́. Ọ̀rinrin tó bá ṣẹ́ kù nínú rẹ̀ lè dì sẹ́nu páìpù kápílárì tín-ín-rín, ìyẹn sì jẹ́ àrùn mìíràn tó jọ gáàsì tó dín gẹ́lẹ́. Fún R22, 58 PSI ni 0. Bí ó bá wà láàárín 60 sí 75 nínú ooru wa yìí, ọkàn rẹ balẹ̀.

Gáàsì R22 yìí náà ti ń lọ o. Ó wà lára àwọn tó ń ba ìpele ozone jẹ́, èyí tó ń dáàbò bò wá lọ́wọ́ ìtànṣán oòrùn. Nínú àdéhùn Montreal ti 1987 àti àtúnṣe rẹ̀, àwọn orílẹ̀-èdè bíi tiwa ní láti dẹ́kun lílò rẹ̀ tó bá di 2030, àfi ìwọ̀nba tí wọn yóò fi tún àwọn ẹ̀rọ tó ti wà tẹ́lẹ̀ ṣe. Nítorí náà ló ṣe ń wọ́n. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tìtorí owó pọ́ọ́kú rọ gáàsì mìíràn lé e.

Ọmọ Mayfair, Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 2:05 ọ̀sán

Ẹ̀gbọ́n, mo dúpẹ́, mo ti kọ́gbọ́n. Mo fẹ́ bi yín: AC tó wà ní yàrá wa, R32 ni wọ́n kọ sí i. Ṣé bákan náà ni? Ṣé mo sì lè fọ fáànù ẹ̀yìn yẹn fúnra mi?

Alátẹ́gùn Sábó, Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 2:31 ọ̀sán

R32 fẹ́rẹ̀ẹ́ ní ìwọ̀n kan náà pẹ̀lú R410A lórí géèjì, ṣùgbọ́n ó lè gbiná. Bí ó bá ń jò nínú yàrá, ẹ ṣí fèrèsé, kí ẹnikẹ́ni má ṣá ìṣáná síbẹ̀, kí oníṣẹ́ má sì fi iná jó páìpù tí gáàsì ṣì wà nínú rẹ̀.

Fílítà, fọ̀ ọ́ fúnra rẹ, kí o jẹ́ kó gbẹ dáadáa nínú ibòji kó tó padà. Ojú kọ́ìlì, o lè fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbá a láti òkè wá sísàlẹ̀, má gbá a ní ìbú, irin yẹn á wó. Ṣùgbọ́n fáànù ẹ̀yìn, jẹ́ kí oníṣẹ́ ṣe é. Pátákó iná wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, omi ò sì gbọdọ̀ kàn án.

Ìyá Tíṣà, Ọjọ́rú, 5:50 àárọ̀

Ọ̀gá, mo ti wò ó. Mi ò lè sùn lẹ́yìn rẹ̀.

Nígbà tí ó yọ́ tán, tí mo pa á láti ara ògiri, mo gun àga, mo tan tọ́ọ̀ṣì síbẹ̀. Ẹ ní abẹ́bẹ̀ wẹ́wẹ́ yí i ká. Mi ò kọ́kọ́ rí abẹ́bẹ̀ kankan. Ohun tí mo rí dà bí aṣọ òfì àtijọ́, ó rí eérú, ó ní irun lára. Mo fi igi ìgbálẹ̀ kan họ ọ́, ìdìpọ̀ kan sì ré jábọ́ sí mi lọ́wọ́. Nígbà tí mo fọwọ́ rá a, ó ń yọ̀, ó sì ń rùn bí páúdà mama. Lójoojúmọ́ ni wọ́n ń fi páúdà sára lẹ́yìn ìwẹ̀, abẹ́ AC yẹn gan-an ni wọ́n sì máa ń jókòó sí. Ilé ìdáná wa náà kò jìnnà síbẹ̀, èéfín àkàrà àràárọ̀ ń wọ ibẹ̀.

Mo wá gbé fílítà tí mò ń fọ̀ lóṣooṣù sókè sí iná. Igun rẹ̀ kan ti ya, ihò yẹn gba àtàńpàkò mi. Láti ìgbà wo ló ti ya? Gbogbo eruku ọyẹ́ ni ó ti gba ibẹ̀ wọlé. Mo tún máa ń dá a padà pẹ̀lú omi lára.

Iná wa lóru àná jẹ́ 208, mo yá mítà aládùúgbò wa wò ó. Ẹ dákun, ẹ kọ sí mi ní kọ̀rọ̀, ẹ̀yin ni mo fẹ́ kí ẹ wá ṣe é.

Ọmọ Òṣómàáló, Ọjọ́bọ̀, 6:40 alẹ́

Ọṣẹ rú ìhó. Kò tó ìṣẹ́jú kan tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ wẹ́wẹ́ lábẹ́ nọ́ọ̀tì, bí itọ́ ọmọ ọwọ́. Mo ya fọ́nrán rẹ̀, mo fi han oníṣẹ́ tí mo pè. Kò jiyàn. Ó gé ẹnu bàbà, ó tún un ṣe lójú mi, ó fi nitrogen dán an wò, ó lo vacuum pump fún ogójì ìṣẹ́jú. 68 ni géèjì kà nísinsìnyí, kọ́ìlì tutù láti òsì dé ọ̀tún. Ẹ̀gbọ́n Sábó, ẹ ṣeun púpọ̀, Òkè-Èṣò náà, ẹ kú àdúrótì sà.

Alátẹ́gùn Sábó, Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8:15 alẹ́

Ìyá Tíṣà ní kí n kọ ohun tá a bá níbẹ̀ síbí, kó lè ran ẹlòmíràn lọ́wọ́.

Mo kọ́kọ́ fi ọ̀rá ńlá dé AC náà yí ká bí ẹni tí a so bíbù mọ́ lọ́rùn, mo fi ọṣẹ ìfọkọ́ìlì rin ín, mo dúró kó wọra, mo wá fi omi tẹ́ẹ́rẹ́ fọ̀ ọ́. Omi tó ṣàn sínú garawa dúdú bí omi aró. Garawa méjì kún kí kẹta tó bẹ̀rẹ̀ sí í mọ́. Lẹ́yìn náà ni abẹ́bẹ̀ wẹ́wẹ́ yẹn fara hàn, àwọ̀ rẹ̀ tó jẹ́ dúdú dídán ṣì wà níbẹ̀. Kí n tó fọ̀ ọ́, bébà kékeré tí mo dì mú lẹ́nu rẹ̀ kàn ń mì díẹ̀. Lẹ́yìn ìfọ̀, ó fò kúrò lọ́wọ́ mi.

Ẹ wá wo èyí. Mo so géèjì mọ́ ọn nígbà tó ti ṣiṣẹ́ fún ogún ìṣẹ́jú pẹ̀lú afẹ́fẹ́ tó pé. 152 PSI. Iná tó ń fà jẹ́ 7.1A, bẹ́ẹ̀ 5.4A ni wọ́n kọ sí i lára. Gáàsì ti pọ̀ jù! AC tó ń jò débi tí gáàsì rẹ̀ á fi lọ sílẹ̀ lọ́sẹ̀ méjì kò lè ní gáàsì ju ti ilé iṣẹ́ lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta tí wọ́n rọ gáàsì sí i yẹn, orí èyí tó ti pé ni wọ́n ń rọ ọ́ lé. Mo yá ẹ̀rọ ìkógáàsì lọ́wọ́ ọ̀gá mi, nítorí mi ò fẹ́ tú u sáfẹ́fẹ́, mo kó gbogbo rẹ̀ sínú sìlíńdà, mo gbé e lé ìwọ̀n. Gíráàmù 1,010. Gíráàmù 820 ni wọ́n kọ sára ẹ̀rọ. Ká ní mama ń lò ó báyẹn títí di oṣù kẹrin, compressor ló máa kọ́kọ́ kú.

Mo lo vacuum pump, mo dá gíráàmù 820 padà pẹ̀lú ìwọ̀n, mo sì dorí sìlíńdà kodò, nítorí gáàsì méjì tí wọ́n pò pọ̀ ni R410A, bí olómi rẹ̀ ló yẹ kó wọlé, kí méjèèjì lè wọ̀ ọ́ ní ìwọ̀n kan náà. Géèjì kà 122, iná di 5.2A. Fílítà tuntun nìkan la rà.

Sí oníṣẹ́ tó ṣe é tẹ́lẹ̀, bí o bá ń ka èyí, mi ò kọ ọ́ láti fi ọ́ ṣẹ̀sín. Èmi náà ti rọ gáàsì sí AC tó dọ̀tí rí, nígbà tí mo ṣì ń kọ́ṣẹ́. Fọ̀ ọ́ kí o tó so géèjì mọ́ ọn.

Bàbá Òkè-Èṣò, Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8:50 alẹ́

Ọmọ mi, ọwọ́ rẹ á máa ròkè. Ìyá Tíṣà, bá mi kí mama.

Ìyá Tíṣà, Ọjọ́ Àìkú ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, 7:30 àárọ̀

Ẹ kú ọjọ́ ìsinmi o. Òru mẹ́jọ rè é. Lójoojúmọ́ ni mo ń jí ní aago méjì láti tan tọ́ọ̀ṣì síbẹ̀. Omi lásán ni mo ń rí lára kọ́ìlì, ó ń dán, ó ń kán sínú àwo rẹ̀, kò sí yìnyín bí ó ti wù kó kéré mọ. Mo fi tẹmómítà wọn afẹ́fẹ́ lánàá: èyí tó ń wọlé lókè jẹ́ 29, èyí tó ń jáde nísàlẹ̀ jẹ́ 18. 24 ni rìmóòtù wà, mo sì ń gbọ́ bí compressor ṣe ń dúró sinmi, tó tún ń bẹ̀rẹ̀.

Ìjà kan tó kù ni ti fáànù. Ọ̀gá ní ó gbọ́dọ̀ wà ní àárín, mama ní atẹ́gùn ń gún àwọn lójú. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, èmi àti ọmọ mi yí ibùsùn padà, orí wọn kọ ojú sí ẹnu ọ̀nà báyìí, ẹsẹ̀ ni atẹ́gùn ń fẹ́. Wọ́n da aṣọ òkè bo ẹsẹ̀, wọ́n sì sùn títí wọ́n fi pe ìrun àárọ̀ ní mọ́sálásí ìsàlẹ̀ wa. Páúdà ti di ti ẹ̀yìn ilé. Aago mẹ́fà ni mo wọlé lónìí, wọ́n ṣì ń sùn, abẹ̀bẹ̀ wà nílẹ̀ níbi tí mo fi sí lálẹ́.